Adìẹ Ìbílẹ̀ àti Ẹ̀sùn Àìyétó ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹ̀sùn tí a sábà máa ń fi kan adìẹ ìbílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni pé kì í yé tó: ẹyin 30 sí 60 lọ́dún, nígbà tí adìẹ òyìnbó tí aráàlú ń pè ní àgíríìkì lè yé ju 250 lọ. Iye yìí kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ tí a fún un ni àpilẹ̀kọ yìí ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Nínú agbolé ní Ọ̀mù-Àrán tàbí Èsìẹ́, adìẹ a yé bí ẹyin 10 sí 12, a sàba lé e fún ọjọ́ 21, a sì kó òròmọdìẹ kiri fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò ìsàba àti ìtọ́mọ yìí, kì í yé. Ọdún kan kò lè gbà ju ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin irú rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ abiyamọ ló ń ṣe, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ìyá wa mọ èyí. Wọn a kó ẹyin, wọn a sì fi ọ̀kan sílẹ̀ kí adìẹ má baà kọ ìtẹ́ rẹ̀. Wọn a gún ìkarahun ìgbín fún un. Wọn a wọ́n eérú sínú ìtẹ́ nítorí yòrò, tí í máa lé adìẹ kúrò lórí ẹyin. Ẹni tí ó bá sì tètè gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ìyá wọn, tí ó ń fi ikán bọ́ wọn lábẹ́ àgò, ni yóò tètè rí ẹyin mìíràn.

Nígbà tí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ adìẹ ni wọ́n fẹ́ yí padà. Káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti pín àkùkọ òyìnbó, pàápàá Rhode Island Red, fún àwọn ará abúlé. Àwọn ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde yé ju ìyá wọn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìsàba mọ́. Kí ni opó tí kò ní ẹ̀rọ tí ń bá ni sàba ẹyin yóò wá ṣe? Àwọn onímọ̀ ní Abẹ́òkúta gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n lo adìẹ ìbílẹ̀ láti dá ẹ̀yà FUNAAB Alpha sílẹ̀.

Lójú tiwa, lúkúlúkú ni olè ẹyin gan-an. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí àrùn yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín oṣù Kejìlá 1952 àti oṣù Kejì 1953, nígbà ọyẹ́ gan-an. Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìbàdàn wà. Àríwá ni ilẹ̀ Ìgbómìnà wà nígbà náà, lábẹ́ Ìlọrin. Ṣùgbọ́n àrùn kò mọ ààlà ẹkùn. Ó lè pa adìẹ agbolé tán pátápátá, adìẹ tí ó sì kú kò ní iye ẹyin tí a ó kà.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára I-2, èyí tí ó fara da ooru ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀kán kan lójú adìẹ ni, a ó sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oògùn inú ìgò kan pọ̀ ju ti adìẹ mẹ́jọ lọ, àfi kí agbolé bíi mélòó kan dáwó rà á kí ọyẹ́ tó dé.