Inú Àgbẹ̀dẹ Kan Náà ni Idà àti Ọ̀bẹ Ti Jáde

Ẹ̀yin ará, bí a bá rí ọ̀bẹ aláàkọ̀ ní ọjà Dọ̀pẹ̀mú, irú èyí tí a ṣe bí ti ológun, iye owó rẹ̀ ni a máa ń bèèrè. A kì í bèèrè ẹni tí ó rọ ọ́.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Ní Ọlá-Ìgbì, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, wọ́n ń fi èédú yọ irin láti inú òkúta nínú ìléru amọ̀. Òyìnbó kan, C. V. Bellamy, ròyìn rẹ̀ ní 1904. Alágbẹ̀dẹ tí ó rọ àdá fún àgbẹ̀ ni ó rọ idà àti àgẹ̀dẹ̀ngbé fún jagunjagun. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, jẹ́rìí pé láti orí ohun ìjà dé orí abẹ́rẹ́, ilé ni a ti ń ṣe é. Nígbà tí ó yá, ọjà òyìnbó tí ó dán tí ó sì pọ́ọ́kú gba ipò wọn, bí kò tilẹ̀ tọ́jọ́ tó tiwa.

Ní ayé Sọ́ọ̀lù, àwọn Fílístínì ni kò jẹ́ kí Ísírẹ́lì ní alágbẹ̀dẹ. Ní tiwa, ta ni ó dè wá? Àwa fúnra wa ni a kọ ẹ̀yìn sí àgbẹ̀dẹ.

Ìléru ti kú, ṣùgbọ́n ewìrì kò tí ì dákẹ́: irin súpíríǹgì ọkọ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọ̀bẹ báyìí. Ẹ jẹ́ kí a rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì fi ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí iná náà má baà kú.