Ewé Akíntọ́lá: Ibi tí ó ti wá àti ọ̀nà tí ó gbà wọ oko wa

Ọ̀rọ̀ ewé kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ mọ ewé náà. Ẹ ti fi àdá gé e ní àìmọye ìgbà. Ẹ ti fún omi rẹ̀ sí ojú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ a máa ta sí imú. Iṣan mẹ́ta ni ó là á láti ìdí, bí ìka ẹsẹ̀ adìẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ó máa ń yọ òdòdó tí ó funfun tàbí tí ó pọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, irúgbìn rẹ̀ a máa fò káàkiri nínú ọyẹ́ bí òwú tí a ya.

Ní Nàìjíríà, ní apá kejì ààlà, àwọn ìbátan wa ń pè é ní ewé Akíntọ́lá. Àwọn mìíràn níbẹ̀ ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Orúkọ yòówù tí ẹ̀yin ń pè é ní abúlé yín, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé yìí kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ẹ ti kọ ọ́? Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ǹjẹ́ àwọn baba ńlá wa mọ ewé yìí?

Wọn kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun Dànhòmẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, tí àwọn ènìyàn sá kúrò nínú oko, kò sí ẹyọ kan ewé yìí nínú gbogbo oko tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní 1889, nígbà tí àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà tí ó ya Kétu sọ́tọ̀ kúrò lára Mẹ̀kọ, kò tíì sí níbì kankan ní ẹ̀gbẹ́ ibí yìí. Ewé tí ó wá bo gbogbo etí ọ̀nà wa bámúbámú yìí, àlejò ni.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Láti Florida, gba Mexico àti àwọn erékùṣù tí ó wà láàárín òkun, títí dé Argentina, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ní ilé rẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu púpọ̀. Àwọn kòkòrò tí wọ́n ti ń bá a gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń jẹ ewé rẹ̀, wọ́n ń lu igi rẹ̀, wọ́n ń ba òdòdó rẹ̀ jẹ́. Kò lè gbèrú kọjá ìwọ̀n. Ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òyìnbó gbé e lọ sí Íńdíà, wọ́n gbìn ín sínú ọgbà ní Calcutta. Wọ́n gbé irúgbìn lọ, wọn kò gbé àwọn kòkòrò náà lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ewé náà fo ọgbà, ó dé Siam, tí à ń pè ní Thailand báyìí, ó sì dé erékùṣù Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka.

Báwo ni ó ṣe wá dé Áfíríkà? Ní 1937, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe àbójútó igbó ní Nàìjíríà ń wá igi tí ó máa ń yára dàgbà. Wọ́n rí igi mẹlínà, igi ilẹ̀ Éṣíà ni. Wọ́n ní kí wọ́n fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ceylon, wọ́n sì gbìn ín ní agbègbè Enugu. Irúgbìn ewé yìí ti dà mọ́ irúgbìn mẹlínà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irúgbìn àgbàdo lọ́jà rí, tí ẹ gbìn ín tán tí ẹ wá rí èpò tí ẹ kò rí rí láàárín rẹ̀, ẹ̀yin mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti rí. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá. Igi ni wọ́n ní àwọn ń wá.

Láti Enugu, ó bá ọ̀nà ọkọ̀ lọ. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, ó ní irun lórí. Afẹ́fẹ́ lè gbé e. Ó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ, mọ́ irun ewúrẹ́, mọ́ táyà ọkọ̀ àti àpò ẹrù. Igi kan ṣoṣo tí ó dàgbà dáadáa lè so ju 80,000 irúgbìn lọ ní ọdún kan. Ẹ ka iye náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ó ń tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, ìjà òṣèlú ńlá wà níbẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà tẹ́lẹ̀ ni. Ní 1962, ẹgbẹ́ náà pín sí méjì. Àwọn ènìyàn ń jó ilé ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rọlẹ̀ títí àwọn ọmọ ogun fi pa Akíntọ́lá ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Láàárín ìgbà yìí ni àwọn àgbẹ̀ rí ewé àjèjì kan tí ó ń gba oko wọn lójijì, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ àwọn alágbára ìgbà náà. Ní Gánà, ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ọ̀gágun Acheampong gba ìjọba níbẹ̀ ní 1972, ó sì wà lórí oyè títí di 1978. Kí ni wọ́n ń pe ewé náà níbẹ̀? Acheampong. Ní Côte d'Ivoire, àwọn kan ń pè é ní Sékou Touré, orúkọ ààrẹ Guinea.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Ọmọ tí a bá bí sí ojú ọ̀nà, Abíọ́nà ni à ń pè é. Èyí tí a bá bí nígbà ọdún, Abíọ́dún ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn ṣe fún ewé yìí. Àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé kọ fi orúkọ rẹ̀ kọ ọdún tí ó dé sílẹ̀, a sì lè kà á títí di òní. Ní tèmi, mo gbà pé àwàdà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sí olóyè lè fi àdá gé orúkọ rẹ̀ nínú oko.

Kí ni ewé yìí wá ń ṣe fún ilẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì wa kan. A ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ewé tí ó mọ̀ nínú oko tí a fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ sinmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yára kọ tirẹ̀ tán, kò kún ìdajì ojú ìwé. Ìyá àgbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ lẹ́ẹ̀dì ní kí ọmọ-ọmọ òun máa bá òun kọ ọ́. Ó ń pè é, ọmọ ń kọ. Ẹ̀fọ́ yánrin. Ebòlò. Odú. Ewé tí a ń sè fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, ewé tí a fi ń wẹ ọmọ, ewé tí ewúrẹ́ fẹ́ràn, ewé tí a kò gbọ́dọ̀ fún ewúrẹ́. Ojú ìwé méjì kún. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, mo bi ìyá náà bóyá gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú oko òun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ni ẹ ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀. Ẹ kò ní kí n kọ ohun tí mo ń rí."

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí a bá fi oko sílẹ̀, ewé Akíntọ́lá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ó ga ju ènìyàn lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ a wọ inú ara wọn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ a ṣókùnkùn. Àwọn ewé kéékèèké kò rí oòrùn, wọ́n a kú. Ọmọ igi ìrókò tàbí ti apá tí ó bá hù lábẹ́ rẹ̀ a máa jà fún ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé náà a gbẹ, a sì jó bí ẹ̀tù. Iná a pa ọmọ igi, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ewé Akíntọ́lá kò kú. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ó ti tún hù. Tí ewé bá sì ti lọ, kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ ń lọ, ẹyẹ tí ń jẹ kòkòrò náà ń lọ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Tata aláwọ̀ mèremère nì, tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ yín ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn onímọ̀ rí i pé òdòdó ewé yìí ń fà á bí oyin ti ń fa ìkamùdù. Oró kan wà nínú òdòdó náà tí tata ń kó sí ara, ó sì ń fi í sínú ẹyin rẹ̀, kí àwọn ọ̀tá má bàa lè jẹ ẹ́. Nítorí náà, oko tí ewé yìí bá yí ká, ó ń bọ́ tata fún ìdílé yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé, "Olùkọ́, ewé yìí kò burú tó bẹ́ẹ̀." Òtítọ́ ni ẹ sọ. Ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àní ní Vietnam wọ́n ti fi í ṣe oògùn ojú egbò. Ó ń pa ẹ̀kan, tí ó le láti fi ọkọ́ wú. Ewé rẹ̀ tí ń jábọ́ ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, ẹni tí ó bá sì gbin àgbàdo sí ibi tí ó ti wà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í kórè òfo. Jíjẹ́ àlejò nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata àti tòmátì, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Imí-ẹṣú tí ẹ ń lò fún oògùn, àlejò ni òun náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ sí ni yóò dúró. Èyí kì í dúró.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù, àwa ni ó bá wí. Ewé yìí kò lè gbé inú òkùnkùn. Kò wọ inú igbó tí orí àwọn igi rẹ̀ pàdé. Ẹ lọ wo igbó orò tàbí igbó òrìṣà tí ẹnikẹ́ni kò gé. Ẹ ó rí i ní etí igbó, ẹ kò ní rí i nínú. Ta ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn fún un? Àwa tí a gé igi, tí a la ọ̀nà, tí à ń sun igbó lọ́dọọdún láti pa òkété, tí a kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi tó bí ó ti yẹ. N kò sọ èyí láti bá yín wí. Ilẹ̀ kò pọ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ń sọ ọ́ kí a má bàa di gbogbo ẹ̀bi ru èpò.

Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ gé e kí ó tó yọ òdòdó, kí oṣù Kejìlá tó dé. Ẹ fi ọkọ́ hú ìdí rẹ̀, nítorí pé àdá kì í pa á. Ẹ gbọn aṣọ àti àpò yín kí ẹ tó kúrò ní oko tí ó wà. Bí ẹ bá ń ṣán oko, ẹ dá àwọn ọmọ igi kan sí kí wọ́n lè ṣíji bo ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ní Gánà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n tú afòpiná kan sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá tí òyìnbó kò gbé wá níjọ́sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń rá ń jẹ ewé náà, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù ilẹ̀ náà.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tiwa, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Lama, ní ọ̀nà tí ó ti Cotonou lọ sí Bohicon. Ní 1946 ni ìjọba Faransé ti sọ ọ́ di igbó ọba. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń dáko, títí tí igbó gidi tí ó kù ní àárín rẹ̀ kò fi tó ìdajì. Ní 1988, ìjọba ní kí àwọn tí ń dáko ní àárín náà kó jáde. Kò rọrùn fún wọn, ẹ̀yin náà lè rò ó wò. Àwọn oko tí wọ́n fi sílẹ̀, ewé Akíntọ́lá ni ó kọ́kọ́ gbà wọ́n. Ó bò wọ́n pátápátá. Ṣùgbọ́n igbó àtijọ́ ṣì wà nítòsí, ẹyẹ àti ọ̀bọ ń gbé èso igi wá láti ibẹ̀, iná kò sì jó ibẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀, igi yọ orí jáde láàárín ewé náà. Orí wọn ń pàdé, òjìji ń bo ilẹ̀. Níbi tí òjìji bá ti nípọn tó, ewé Akíntọ́lá ń kú fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó gbé ọkọ́ sí i. Ọ̀bọ kan tí ikùn rẹ̀ pupa, tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní gbogbo ayé, ṣì ń gbé nínú igbó náà.