Ẹni tí Kò Gba Ọlọ́run Gbọ́ Láàárín Ẹlẹ́sìn: Táí Ṣólàárín àti Àwùjọ Rẹ̀

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá fi ń pe ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà kò pọ̀, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́sìn ni ó ti wá. ‘Kèfèrí’ ti èdè Lárúbáwá wá. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni ó ń tọ́ka sí, kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà tó fi ń pe abọ̀rìṣà. ‘Aláìgbàgbọ́’ fìdí múlẹ̀ nínú ìwàásù ìjọ. Kò sí èyí tí ó ya ẹni tí kò ní ọlọ́run kankan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ọlọ́run tirẹ̀ yàtọ̀.

Lóòótọ́, àwọn àgbà máa ń sọ pé, “Òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi.” Òwe yìí fi hàn pé abọ̀rìṣà lè bá òrìṣà rẹ̀ wíjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń báni wíjọ́ kò sọ pé onítọ̀hún kò sí. Nítorí náà, nígbà tí Táí Ṣólàárín sọ ní gbangba pé Ọlọ́run kò sí, ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì létí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ilé Ìwé àti Ilé Àdúrà

Láti 1843, nígbà tí Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ni ìmọ̀ ìwé kíkà àti ìrìbọmi ti ń rìn pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìjọ ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé ìwé. Ọ̀nà yìí ni Ṣólàárín pàápàá gbà. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1922; ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn, ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Bìrìtìkó ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì lọ sí yunifásítì ní Manchester.

Ní 1952, ó di ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó fẹ́ mú orin ìsìn àti àdúrà òwúrọ̀ kúrò. Àwọn aláṣẹ ilé ìwé náà kò gbà, ó sì fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, 1956, òun àti Sheila, aya rẹ̀, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ilé ìwé náà kò so mọ́ ẹ̀sìn kankan. Iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́ ibẹ̀.

Àkókò náà wọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Òùngbẹ ẹ̀kọ́ ń gbẹ àwọn òbí. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń fi ọmọ wọn sí abẹ́ ẹni tí kò gba Ọlọ́run wọn gbọ́, nítorí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kíkí Ènìyàn láìṣe Àdúrà

Ìṣòro ojoojúmọ́ sì tún wà. Lálẹ́, ẹni tí a bá kí pé “Ó dàárọ̀” a dáhùn pé, “Kí Ọlọ́run jí wa ire.” Bí aboyún bá bí, a ó ní kí Ọlọ́run dá ọmọ sí. Àdúrà ni ìkíni, ìkíni sì ni ọmọlúàbí. Ẹni tí ó bá dákẹ́ kò ní jẹ́ aláìlẹ́sìn lásán lójú àwùjọ; aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò pè é. Ní ọjọ́ kìíní, ọdún 1964, Ṣólàárín gbé àròkọ kan jáde, nínú èyí tí ó kí àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí ọ̀nà wọn le. Kò pa ìkíni ọdún tì. Ó fi ìpè sí akitiyan rọ́pò àdúrà inú rẹ̀.

Iṣẹ́ Rere àti Òfin

Ìjọba ológun tì í mọ́lé láti 1984 títí di 1985, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba ni, kì í ṣe nítorí àìgbàgbọ́. Ó kú ní 1994. Ṣé gbogbo ẹni tí ó bá ronú bíi tirẹ̀ ni yóò rí irú àyè bẹ́ẹ̀?

Ọ̀ràn Mubarak Bala, ọmọ Kánò, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un ní Kàdúná ní 2020 nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kọ nípa ẹ̀sìn sórí Facebook. Ní 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Kánò rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 24. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024, ó sì jáde ní 2025. Bẹ́ẹ̀, abala 38 ìwé òfin 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, bí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kan náà tilẹ̀ pe Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè lábẹ́ Ọlọ́run.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní ìwà lẹ̀sìn, òṣùwọ̀n yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọn Ṣólàárín. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ni ó ní láti kọ́ kí òṣùwọ̀n náà tó gbè é. Ẹni tí kò kọ́ ilé ìwé, tí kò lókìkí, tí kò sì gba Ọlọ́run gbọ́, kò ní ohun tí yóò fi han aládùúgbò rẹ̀. Òfin nìkan ni ààbò irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun sì ni a ó fi mọ̀ bóyá òmìnira inú ìwé òfin wà lóòótọ́.