Àṣà Ìgbésí Ayé Àwọn Alátọ̀gbẹ ní Àwùjọ Yorùbá

Àtọ̀gbẹ, tí ará ìlú ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ni àìsàn tó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà, yálà nítorí pé ara kò pèsè ínsúlíìnì tó, tàbí nítorí pé èyí tó pèsè kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ìwádìí àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 fi hàn pé ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní in. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó oríṣiríṣi ìwádìí pọ̀ ní 2018, iye náà ti di 5.77. Dókítà lè kọ oògùn, àmọ́ ìdí ìkòkò, ìsọ̀ ọjà àti ilé ìjọsìn ni ṣúgà ti ń lọ sókè tàbí tó ti ń wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ta kókó jù. Ohun tí aláìsàn sábà máa ń gbọ́ ni pé kó jáwọ́ nínú iyán, ẹ̀bà àti fùfú, kó gba ẹ̀wà àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú. Ẹ̀wà dára lóòótọ́, nítorí kì í tètè gbé ṣúgà sókè. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ṣì lóye: èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kún fún èròjà afáralókun bíi ti iṣu, bí wọ́n bá sì lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n rò ó, ṣúgà náà ni yóò dà nínú ara. Ẹni tó bu àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún àwo kò sàn ju ẹni tó jẹ iyán díẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì: kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí òkèlè gba ìyókù. Oyin, tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò lè ṣe nǹkan, ń gbé ṣúgà sókè. Ẹlẹ́rìndòdò sẹ́ńtílítà 33 kan lè ní ṣúgà gíráàmù 35.

Ìkòkò àjọjẹ ni ìmọ̀ràn ti sábà máa ń forí ṣánpọ́n. Ìyá àgbà tí wọ́n ń se oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ máa ń rò pé wọ́n ti yà á nípá, kì í sì í pẹ́ kó tó padà sídìí oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ. Ilé tí gbogbo wọn bá jọ dín òkèlè kù, tí wọ́n sì fi kún ẹ̀fọ́, ló ń rọrùn fún un.

Yàtọ̀ sí oúnjẹ, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìlera ní kí àgbàlagbà fi rìn kánmọ́kánmọ́. Àgbẹ̀ lè má ní wàhálà níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tó jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ ló yẹ kó wá àyè fún un.

Ní ti oògùn, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí aláìsàn dá a dúró nígbà tí ara bá ti fúyẹ́, tàbí nígbà tí owó bá wọ́n. Àwọn mìíràn ń fi àgbo tàbí omi ewúro lé e láì sọ fún dókítà. Ẹni tó lo oògùn bíi glibenclamide tí kò jẹun lè rí i kí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀: òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ mílígíráàmù 70 nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kó tètè mu ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ewu yìí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbààwẹ̀, ti Ràmàdáánì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, láì kọ́kọ́ rí dókítà. Al-Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbààwẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ibi tí àìbìkítà ti ń gba ìjìyà kíákíá. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ máa ń pa iṣan ìmọ̀lára, tí aláìsàn á tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ tí kò ní mọ̀, tí èkúté á jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú oorun, tí omi gbígbóná tó fi ń jó ẹsẹ̀ á bó o láwọ̀. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ̀, tí kì í wọ bàtà tó bá ti wọ sùtánà, yẹ kó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò dáadáa tó bá délé. Mùsùlùmí tó ń ṣe àlùwàlá ní láti nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Ọgbẹ́ tó bá lé ní ọjọ́ méjì láì ní ìyípadà, kí wọ́n má ṣe fi ewé dì í mọ́lé: ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.