Hubris
Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí ènìyàn máa ṣe orí kunkun sí àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì ni hubris. Ṣùgbọ́n ní Áténì àtijọ́, ọ̀ràn ilé ẹjọ́ ni: kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwọ̀sí lọ ẹlòmíràn, kí ó sì máa gbádùn rẹ̀. Ohun tí Demosthenes, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Áténì, pe ẹ̀ṣẹ́ tí Meidias, ọ̀tá rẹ̀, lù ú níbi ọdún òrìṣà Dionysus nìyẹn.

Ẹni tó bá ń bá òrìṣà jà ní orúkọ tirẹ̀: theomachos. Irú rẹ̀ ni Pentheus, ọba Thebes, nínú eré Bacchae tí Euripides kọ. Ó ní kí wọ́n ti Dionysus mọ́lé. Ìyá tó bí i ló ṣáájú àwọn tó fà á ya. Ṣùgbọ́n nínú ewì Iliad, jagunjagun Diomedes fi ọ̀kọ̀ gún òrìṣà Aphrodite lọ́wọ́, ó gún òrìṣà Ares níkùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òrìṣà Athena ló kúkú wà lẹ́yìn rẹ̀.