Wòlíì, Àdúrà àti Kèfèrí: Bí Ọ̀rọ̀ Àyálò Ṣe Ń Gba Ìtumọ̀ ní Ẹdẹ

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ àyálò tó bá fi ìtumọ̀ tó gbé wọlé sílẹ̀ ti ṣìnà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jọ ń fẹnu lò ó ló ń pín ìtumọ̀ fún un. A lè rí èyí kedere ní Ẹdẹ, níbi tí Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti oníṣàngó ti ń gbé inú agboolé kan náà.

Ẹ wo wòlíì. Lọ́dọ̀ Lárúbáwá, àyànfẹ́ Ọlọ́run, ẹni mímọ́, ni wàlíyyù, tó di wòlíì lẹ́nu wa. Nàbíyyù ni òjíṣẹ́ tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀, òun ni Mùsùlùmí Yorùbá sọ di Ànábì. Síbẹ̀, nínú Bíbélì Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wòlíì ni Aísáyà. Lójú tèmi, wọn kò ṣèèṣì. Ànábì ti lẹ̀ mọ́ Mùhámmádù típẹ́típẹ́. Wòlíì ṣì ṣeé tọrọ. Lónìí, bí wọ́n bá ní wòlíì ń bọ̀ nílé, aláṣọ funfun tó gbé agogo lọ́wọ́ ni Mùsùlùmí pàápàá ń retí.

Àdúrà tún yàtọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, bí àgbà kan bá ní “ẹ jẹ́ ká gbàdúrà”, ààfáà á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, pásítọ̀ á dijú, gbogbo ilé á ṣàmín. Bó bá ní “ó yá, ká kírun”, pásítọ̀ á sún sẹ́yìn. Ìrun ti gba iṣẹ́ kan, àdúrà wá di ti gbogbo ayé.

Wákàtí náà ti yí padà: àkókò lásán ni lọ́dọ̀ Lárúbáwá, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni lọ́dọ̀ wa. Kò sí ààfáà tó ń bá aláago jà lórí ìyẹn.

Kèfèrí ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú kéwú, ẹni tó sẹ́ òtítọ́ ni. Nínú Bíbélì, ẹni tí kì í ṣe Júù, tó fi jẹ́ pé gbogbo ọmọ ìjọ Ẹdẹ ni kèfèrí! Ta ló ń lò ó bẹ́ẹ̀? Lẹ́nu tọ̀tún-tòsì, abọ̀rìṣà ni. Níbi tí ẹ̀sìn méjèèjì ti ń díje, wọ́n pín ọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti jọ kọjú sí ẹlòmíràn, ìtumọ̀ wọn pa pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú Ṣàngó ni Ẹdẹ. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 sí 1975, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, síbẹ̀ ó ń jókòó níbi ọdún Ṣàngó, ó sì ń lu dùndún fúnra rẹ̀. Nílùú tí ọba ti ṣe báyìí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sọ kèfèrí. Lójú, oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n ń pe àwọn abọ̀rìṣà.