Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe? Ìtàn Àtúnṣe Ọkọ̀ Oníná Tó Forí Sọ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Bí ọkọ̀ tó ń lo epo bá forí sọ, ẹni tó ni ín mọ ibi tí yóò wọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 tí ilé-iṣẹ́ Tesla ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ oníná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní Model S ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ibẹ̀ ló rí i pé ọkọ̀ tí àwọn ti san owó rẹ̀ tán kò ṣe é gbé fún ẹni tó bá ṣáà wù wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí ni wọ́n ní láti wá kiri. Àwọn kan gbà pé iná mànàmáná ló fa èyí. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé iná nìkan kọ́. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ gbà fi ọkọ̀ lé aráàlú lọ́wọ́ ló ń sọ ẹni tí yóò tún un ṣe, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà ṣáájú Tesla.

Ní ọdún 1897, Electric Carriage and Wagon Company gbé takisí oníná jáde sí ìgboro New York. Wọn kò ta ọkọ̀ wọ̀nyí fún ẹnikẹ́ni. Ibùdó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń padà sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ bátìrì tó ti rẹ̀, tí wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Kò sí mẹkáníìkì ìta tó lè mọ iṣẹ́ náà, nítorí kò sí onímọ́tò ìta. Lóòótọ́, àwọn mìíràn ta ọkọ̀ oníná fún ẹni tó bá lówó. Clara, ìyàwó Henry Ford fúnra rẹ̀, Detroit Electric ló ń wà, bí ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń ta ọkọ̀ epo fún gbogbo ayé!

Ọkọ̀ epo Ford yẹn, Model T, tó jáde ní 1908, ló yí nǹkan padà. Ó lé ní mílíọ̀nù 15 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní 1927. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, alágbẹ̀dẹ abúlé sì lè tún un ṣe. Irin tí a lè lù kó tọ́, tí a lè jó, tí a lè fi ọ̀dà kùn, ni iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà dúró lé lórí títí dòní, ẹnu iṣẹ́ ni ọmọṣẹ́ sì ti ń kọ́ ọ.

Nígbà tí General Motors gbé EV1 jáde ní 1996, ìlànà ti 1897 tún padà wá. Wọn kò tà á; wọ́n ń yá a fún ènìyàn ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ Saturn nìkan ni wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn rà á, wọ́n kọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọkọ̀ wọn padà, wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ wómúwómú, wọ́n sì fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní díẹ̀. Ó lé ní 1,000 ọkọ̀ tó rìn lójú pópó, síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ìta kò rí nǹkan kan kọ́ nínú rẹ̀. Òfò yìí ni a rò pé àwọn òpìtàn kò kà sí tó.

Tesla ta tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀dọ̀ alágbàtà kankan. Alumíníọ̀mù ni ó pọ̀ jù lára Model S, èyí tí kò gba òòlù bí irin ṣe ń gbà á; ó nílò irinṣẹ́ tirẹ̀ àti àyè ọ̀tọ̀ tí ẹ̀kù irin kò ti ní í bà lé e. Àwọn ẹ̀yà tó gbé ọkọ̀ ró, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Onímọ́tò yóò kọ́kọ́ fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí. Wọn yóò wọ́ ọkọ̀ náà lọ, wọn yóò pa iná rẹ̀, wọn yóò yẹ bátìrì abẹ́ rẹ̀ wò, wọn yóò sì béèrè ẹ̀yà tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ibi ìdúró yìí ni ẹkún pọ̀ sí: ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, nígbà tí owó tí adójútòfò ń san fún ọkọ̀ àyálò yóò ti tán. Ní 2018, Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe tirẹ̀. Ní 2019, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdójútòfò ní California. Ẹni tó ṣe ọkọ̀, tó tà á, tó ń tún un ṣe, tó sì ń san owó òfò rẹ̀, wá lè jẹ́ ẹnì kan náà.

A kò ní sọ pé ilé-iṣẹ́ náà kò rí wí. Iná tó wà nínú bátìrì wọ̀nyí, tó tó fóòtì 400 nínú ọ̀pọ̀ wọn, lè pa ènìyàn. Bátìrì tó bá sì fara pa lè gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ọkọ̀ ti wà ní ìdúró. Àmọ́ ààbò kọ́ ló ní kí ẹ̀yà ọkọ̀ pẹ́ kó tó dé.

Àwọn ará Massachusetts dìbò lórí ẹ̀tọ́ àtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2012, nǹkan bí ìdá 86 nínú 100 ló fọwọ́ sí i. Ní 2020, nǹkan bí ìdá 75. Ìmọ̀, irinṣẹ́ àyẹ̀wò àti dátà tí ọkọ̀ ń fi ránṣẹ́ ni ìbò náà dá lé. Ní ọdún 2020 kan náà, Model Y jáde, nínú èyí tí Tesla ń fi irin dídà ńlá rọ́pò nǹkan bí 70 ègé tí wọ́n ń so pọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tó ní gbogbo dátà ayé kò lè fi òòlù tọ́ irú irin bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó pẹ́ tí ọkọ̀ epo tí àwọn adójútòfò Amẹ́ríkà ti pa tì ti ń gba ọjà gbàǹjo dé Èkó àti Kùtọnu, tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà wa ń tọ́ wọn, tí wọ́n sì ń di tòkunbọ̀. Kò sí ìdí tí oníná kò fi ní í gba ọ̀nà kan náà wá, láìsí àṣẹ ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tó sọ ibi tí a ti ń pa iná irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò gbé òòlù tọ̀ ọ́ lọ fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn.